Jeremy Brett Nínú Páálí: Àyẹ̀wò Àwo Eré Sherlock Holmes Mọ́kànlélógójì

Páálí àwo DVD tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí yìí kó gbogbo eré Sherlock Holmes, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ inú ìtàn tí Arthur Conan Doyle kọ, tí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Granada ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàárín ọdún 1984 sí 1994 sójú kan. Eré 41 ni gbogbo rẹ̀. Mẹ́rìndínlógójì nínú wọn kò ju nǹkan bíi wákàtí kan lọ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, márùn-ún yòókù sì gùn tó sinimá. Mo ti wò ó tán lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kìíní bí ẹni tí ó fẹ́ mọ ẹni tí ó pa ẹni, lẹ́ẹ̀kejì bí ẹni tí ó fẹ́ mọ irú ènìyàn tí Jeremy Brett jẹ́, òṣèré tí ó ṣe Holmes láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìdájọ́ mi ni pé páálí náà yẹ ní rírà, ṣùgbọ́n àwọn àwo inú rẹ̀ kò dọ́gba, àwọn tí wọ́n sì tò wọ́n pọ̀ kò ṣe ohun tí ó tọ́ fún ọkùnrin tí wọ́n ń fi àwòrán rẹ̀ ta ọjà wọn.

Kí n kọ́kọ́ sọ èyí tí ó jẹ mọ́ ọjà gan-an. Fíìmù ni wọ́n fi ya àwọn eré wọ̀nyí, kì í ṣe téèpù fídíò tí ọ̀pọ̀ eré tẹlifíṣọ̀n ìgbà náà ń lò, ìdí nìyí tí àwòrán wọn kò fi tètè gbó. Iná gáàsì, kùrukùru òpópónà, aṣọ òtútù tí ó nípọn àti igi àga tí ń dán, gbogbo rẹ̀ ṣì hàn dáadáa. Ohùn ni kò tẹ́ mi lọ́rùn. Orin tí Patrick Gowers kọ fún eré náà dára púpọ̀, pàápàá ohùn fáólìn tí ó fi bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà mìíràn ó máa ń bo ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn òṣèré mọ́lẹ̀, àfi kí ènìyàn tan ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀ àwòrán. Wọn kò to àwọn eré gígùn márààrún sí àyè wọn. Àwo ọ̀tọ̀ ni wọ́n kó wọn sí, tí ó fi jẹ́ pé The Sign of Four ti ọdún 1987 wà ní ìdí páálí lẹ́yìn àwọn eré ọdún 1994, bí ẹni pé ọdún kò ní ìtumọ̀. Ìwé pẹlẹbẹ tí ó bá a wá kò ju ojú ewé mẹ́rin lọ, orúkọ eré àti ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fi hàn nìkan ni ó wà níbẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn àwo náà tún dé ọwọ́ mi pẹ̀lú àpá híha lára, ṣùgbọ́n màá padà sórí ìyẹn.

Ohun tí ó yẹ kí ìwé pẹlẹbẹ yẹn sọ ni ohun tí ó mú kí eré wọ̀nyí yàtọ̀. Peter Jeremy William Huggins ni orúkọ tí àwọn òbí sọ ọmọ náà nígbà tí wọ́n bí i ní ọjọ́ 3 oṣù Kọkànlá ọdún 1933, ní ilé ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Berkswell Grange ní agbègbè Warwickshire. Òun ni àbíkẹ́yìn nínú ọmọkùnrin mẹ́rin. Ọ̀gá ológun ni bàbá rẹ̀, Eton sì ni wọ́n rán an lọ, ilé ẹ̀kọ́ tí àwọn ọlọ́lá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń rán ọmọ wọn lọ. Ìwé kò rọrùn fún un níbẹ̀, nítorí ó ní ìṣòro tí kì í jẹ́ kí àwọn lẹ́tà dúró sójú kan fún ẹni tí ó bá ń kàwé. Ibà làkúrègbé tí ó ṣe é ní kékeré ti fi àbùkù sí ọkàn tí ń fún ẹ̀jẹ̀ kiri ara rẹ̀. Ahọ́n rẹ̀ pàápàá kò lè gbé lẹ́tà R jáde bí ó ti yẹ, títí wọ́n fi ṣe iṣẹ́ abẹ fún un nígbà tí ó ń sún mọ́ ọmọ ogún ọdún. Látìgbà náà, ojoojúmọ́ ni ó ń fi ẹnu ṣe ìdánrawò kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè já gaara. Ẹ tẹ́tí sí i nínú àwo èyíkéyìí nínú páálí yìí: ó ń sọ ọ̀rọ̀ bí ẹni tí ń kan ìṣó, kò sí lẹ́tà kan tí ó bọ́ sílẹ̀. Ẹni tí kò mọ ìtàn ahọ́n rẹ̀ yóò rò pé ìwà Holmes lásán ni ó ń ṣe.

Nígbà tí ó sọ pé iṣẹ́ eré ni òun fẹ́ ṣe, bàbá rẹ̀ kò fẹ́ kí orúkọ ìdílé Huggins wà lára pátákó ilé eré. Ó ní kí ó wá orúkọ mìíràn. Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n aṣọ ni ọmọkùnrin yìí wò: ara àlẹ̀mọ́ tí àwọn aránṣọ rán mọ́ inú kóòtù rẹ̀ ni ó ti rí orúkọ náà Brett, ó sì mú un. Mo fẹ́ràn ìtàn yìí púpọ̀, nítorí kò sí ẹni tí aṣọ eré padà wá bá lára mu bí ẹni tí ó gba orúkọ lọ́wọ́ aṣọ.

Ó kọ́ iṣẹ́ náà ní Central School of Speech and Drama ní London, orí ìtàgé Library Theatre ní Manchester ni ó sì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1954. Ẹ fi ìlú yẹn sọ́kàn. Láàárín ọdún méjì ó ti wà pẹ̀lú ẹgbẹ́ Old Vic, ó ń ṣe eré Shakespeare. Ní ọdún 1961 ó ṣe Hamlet ní London, nígbà tí ó sì di ọdún 1967 ó wọ National Theatre lábẹ́ Laurence Olivier. Níbẹ̀ ni ó ti ṣe Orlando nínú As You Like It tí ọkùnrin nìkan kún inú rẹ̀, tí àwọn ọkùnrin ń ṣe ipa obìnrin. Níbẹ̀ náà ni ó ti ṣe Bassanio nínú The Merchant of Venice, tí Olivier fúnra rẹ̀ ṣe Shylock. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó mọ Brett lórí tẹlifíṣọ̀n kò mọ̀ pé ó ti lo ọgbọ̀n ọdún lẹ́nu iṣẹ́ kí Holmes tó dé, bẹ́ẹ̀ orí ìtàgé yẹn ni ó ti kó gbogbo ohun tí a ń wò nínú páálí yìí jọ: bí ó ṣe ń dúró, bí ó ṣe ń yí ẹ̀yìn sí ènìyàn tí a sì mọ ohun tí ojú rẹ̀ ń ṣe, àti ohùn tí ó lè bọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀ láìkìlọ̀.

Sinimá kò ṣe é lóore tó bẹ́ẹ̀. Ó bá Audrey Hepburn ṣe War and Peace ní ọdún 1956, níbi tí ó ti ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, ó tún bá a ṣe My Fair Lady ní ọdún 1964, níbi tí ó ti ṣe Freddy, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń kọrin ní òpópónà tí olólùfẹ́ rẹ̀ ń gbé. Ẹlòmíràn, Bill Shirley, ni wọ́n fi ohùn rẹ̀ kọ orin náà, bẹ́ẹ̀ Brett mọ orin kọ. Tẹlifíṣọ̀n BBC fi í ṣe D'Artagnan nínú The Three Musketeers ní ìparí ọdún 1966 bọ́ sí 1967, wọ́n sì fi í ṣe Maxim de Winter nínú Rebecca ní ọdún 1979. Ní Amẹ́ríkà, ó ṣe Dracula lórí ìtàgé, ní ọdún 1980 ó sì ṣe Dókítà Watson, ọ̀rẹ́ tí ń bá Holmes ṣiṣẹ́, ní Los Angeles nínú eré kan tí Charlton Heston ti ṣe Holmes. Ìyẹn ni pé ó ti jókòó lórí àga ọ̀rẹ́ kí wọ́n tó gbé e sórí àga ọ̀gá.

Michael Cox ni aṣagbátẹrù tí Granada gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́, ohun tí ó sì fẹ́ ni pé kí eré náà tẹ̀ lé ohun tí Arthur Conan Doyle kọ ní tààrà. Wọ́n kọ́ òpópónà Baker Street, níbi tí Holmes ń gbé nínú ìtàn, sí àyíká ilé iṣẹ́ wọn ní Manchester, ìlú kan náà tí Brett ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ṣàkójọ ìwé kan tí ó tó ojú ewé 77, tí wọ́n kọ gbogbo ohun tí Doyle sọ nípa Holmes àti Watson sí: ohun tí wọ́n ń jẹ, irú tábà tí wọ́n ń fà, bí wọ́n ṣe ń jókòó, aṣọ tí wọ́n ń wọ̀. Brett kò fi ìwé yẹn ṣeré. Bí ìwé eré bá yà kúrò lójú ọ̀nà ìtàn, yóò gbé ìwé Doyle jáde, yóò sì bá wọn jà. Wọ́n tún wo àwọn àwòrán tí Sidney Paget yà sínú ìwé ìròyìn Strand láyé Doyle, wọ́n sì to àwọn òṣèré bí àwòrán náà ṣe rí, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó bá ti rí àwòrán Paget rí yóò máa bá wọn pàdé nínú eré bí ẹni tí ń bá ojúlùmọ̀ pàdé lójà.

Eré 13 àkọ́kọ́, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹrin ọdún 1984, ni ó dára jù lọ nínú páálí náà, mi ò sì rí ẹni tí yóò bá mi jiyàn. Brett ń jó nínú wọn. Yóò sùn sílẹ̀ gbalaja bí ẹni tí kò ní dìde mọ́, yóò sì fò sókè lójijì bí ẹni tí iná jó. Ẹ̀rín rẹ̀ kì í gùn. Ó máa ń yọ bí mànàmáná, ó sì máa ń lọ bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ni mo máa ń wò jù, nítorí ọwọ́ yẹn ń ronú: bí Holmes bá ń gbọ́ ẹjọ́, àwọn ìka á para pọ̀ lábẹ́ àgbọ̀n, ní ìṣẹ́jú tí ọ̀rọ̀ kan bá sì wú u lórí, ìka kan ṣoṣo ni yóò mì. David Burke tí ó ṣe Watson nínú àwọn eré 13 wọ̀nyí bá a mu gan-an. Tẹ́lẹ̀, àwọn mìíràn ti sọ Watson di òmùgọ̀ tí ń tẹ̀ lé ọ̀gá kiri, ṣùgbọ́n Burke ṣe é bí ọkùnrin tí ó ti jagun, tí ó ní ọgbọ́n tirẹ̀, tí ó sì ń gbádùn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Rosalie Williams tí ó ṣe Mrs Hudson, obìnrin tí ó ni ilé tí Holmes ń gbé, kì í sọ ọ̀rọ̀ púpọ̀, ojú lásán ni ó fi ń dá Holmes lẹ́kun.

Eré ìkẹtàlá, The Final Problem, ni Holmes ti bá ọ̀tá rẹ̀ ńlá, Ọ̀jọ̀gbọ́n Moriarty, tí Eric Porter ṣe, já sínú omi Reichenbach. Ibi tí omi náà wà gan-an ní Switzerland ni wọ́n lọ láti yà á. Wọ́n fi í hàn ní ìparí oṣù Kẹsàn-án ọdún 1985. Joan Wilson, ìyàwó Brett, ọmọ Amẹ́ríkà tí òun náà ń ṣiṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n, ti kú nípa àrùn jẹjẹrẹ ní oṣù Keje ọdún kan náà. Òun ni ìyàwó rẹ̀ kejì. Ó ti fẹ́ òṣèré Anna Massey rí, tí wọ́n bí ọmọkùnrin kan fún ara wọn kí wọ́n tó kọ ara wọn sílẹ̀ ní ọdún 1962. Àwọn òǹwòran rí Holmes tí ó kú ní àkókò tí ẹni tí ó ń ṣe Holmes ń ṣọ̀fọ̀, lẹ́yìn ìyẹn ó sì di dandan kí ó padà wá jí Holmes dìde.

Bí ẹ bá fi àwo kejì wé àwo tí ó ní eré ọdún 1986, ẹ ó rí i. Ojú rẹ̀ ti wọnú. Ara rẹ̀ kò balẹ̀, kì í ṣe àìbalẹ̀ ara tí òṣèré ń ṣe. Ní ọdún náà ni àìsàn ọpọlọ tí í gbé ènìyàn ga dé òkè tí í sì tún jù ú sí ọ̀gbun, tí ó ti wà lára rẹ̀ tipẹ́, dá a wó pátápátá, tí wọ́n fi gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n fún un ní oògùn lithium, oògùn yẹn sì ń dá omi dúró sí i lára, ó ń mú kí ó sanra, ọkàn rẹ̀ tí kò lágbára tẹ́lẹ̀ sì ń jìyà rẹ̀. Wọ́n ti pààrọ̀ Watson náà: Burke ti lọ, Edward Hardwicke ni ó rọ́pò rẹ̀. Mo gbà pé Hardwicke kò yára bí Burke, ṣùgbọ́n ní ti pẹ̀lẹ́ àti àánú kò sí ẹni tí ó tó o, bí mo sì ṣe ń wo àwọn eré náà lẹ́ẹ̀kejì ni mo wá rí i pé kì í ṣe Holmes nìkan ni ó ń wò pẹ̀lú àánú yẹn.

Nínú gbogbo páálí náà, The Devil's Foot ti ọdún 1988 ni mo máa ń fi han ẹni tí kò bá tíì rí Brett rí. Irun rẹ̀ kúrú nínú eré náà, ara Holmes kò yá, Watson sì mú un lọ sí Cornwall kí ó lè sinmi. Níbẹ̀, ní etíkun, Holmes wa ihò sínú iyanrìn, ó sì sin abẹ́rẹ́ tí ó fi ń gún ara rẹ̀ ní kokéènì sínú rẹ̀. Kò sí èyí nínú ìtàn Doyle. Brett, tí ń bá gbogbo ayé jà nítorí gbólóhùn kan tí wọ́n yí padà, ni ó fẹ́ kí wọ́n fi èyí kún un, nítorí ó ti gbọ́ pé àwọn ọmọdé ń wo eré náà. Ó sì kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ Jean Conan Doyle, ọmọ òǹkọ̀wé náà, kí ó tó ṣe é. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Kò sí ọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ó yẹ kí ìwé pẹlẹbẹ náà fi ojú ewé kan sọ ọ́.

Àwọn eré gígùn ni mo fẹ́ kìlọ̀ nípa wọn. The Sign of Four dára, ó tilẹ̀ lẹ́wà, kò sì yẹ kí ó wà ní ìdí páálí. The Hound of the Baskervilles ti ọdún 1988 falẹ̀, ajá tí gbogbo ènìyàn ń retí kò sì bani lẹ́rù. Èyí tí wọ́n ṣe ní ọdún 1992, The Master Blackmailer, ṣì ní agbára, ṣùgbọ́n méjì tí ó tẹ̀ lé e ní ọdún 1993 dà bí ọbẹ̀ tí wọ́n bu omi lé nítorí àlejò pọ̀: ìtàn kúkúrú ni Doyle kọ, wọ́n sì fi àlá àti òkùnkùn fà á gùn. Ẹ lè fò wọ́n.

Láàárín gbogbo èyí, Brett kò fi ìtàgé sílẹ̀. Ó ní kí Jeremy Paul, ọ̀kan nínú àwọn tí ń kọ eré fún Granada, kọ eré ìtàgé kan fún òun àti Hardwicke nìkan, wọ́n sì gbé e lọ sí Wyndham's Theatre ní London ní ọdún 1988. Kò sí nínú páálí yìí, ó sì dùn mí.

Àwọn eré mẹ́fà ti ọdún 1994 ni ó kù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní kò yẹ kí wọ́n ṣe wọ́n. Brett ti wúwo, èémí rẹ̀ kò gùn, ọkùnrin tí ń fò kọjá lórí àga ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn ń fi ọwọ́ ti ògiri dìde. Nínú The Mazarin Stone àìsàn dá a dúró, Charles Gray tí ń ṣe Mycroft, ẹ̀gbọ́n Holmes, ni ó gba iṣẹ́ náà ṣe. Nínú The Golden Pince-Nez, Hardwicke ni kò ráàyè, Mycroft tún wọlé. Òótọ́ ni pé iṣẹ́ náà ti ń ya lọ́wọ́ wọn. Doyle kọ ìtàn Holmes 60, èrò Brett ni láti ṣe gbogbo wọn, kò sì ṣeé ṣe. Síbẹ̀, ẹ má ṣe gbàgbé àwo yìí sínú páálí. Ohùn náà ṣì wà níbẹ̀, gbogbo lẹ́tà rẹ̀ ṣì ń jáde gaara, bí kò tilẹ̀ sí èémí tí yóò gbé e. Nínú The Cardboard Box, tí wọ́n fi hàn ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹrin ọdún 1994 tí ó sì jẹ́ ìkẹyìn gbogbo wọn, Holmes yanjú ọ̀ràn ìpànìyàn kan tí owú fà láàárín tọkọtaya. Inú rẹ̀ kò dùn sí yíyanjú náà. Ó bi Watson léèrè ohun tí ìyà, ìwà ipá àti ẹ̀rù tí ń yí po yìí wà fún nínú ayé, kò sì rí ìdáhùn. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1995, ọkàn Brett dáwọ́ iṣẹ́ dúró nínú ilé rẹ̀ ní London. Ẹni ọdún 61 ni.

Àwo yẹn ni ó dé ọwọ́ mi pẹ̀lú àpá híha, ó sì ń há ní ìṣẹ́jú mélòó kan kí Holmes tó sọ ọ̀rọ̀ yẹn. Mo kọ̀wé sí ẹni tí ó ta páálí náà fún mi. Ó dá mi lóhùn pé kò burú púpọ̀, pé kò sí ẹni tí í sábà wo àwo ìkẹyìn. Mo tún kọ̀wé lẹ́ẹ̀kejì, mo ní òun gan-an ni mo fẹ́, ó sì fi òmíràn ránṣẹ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.